Wọ́n Ní Kí Wọ́n Kúkú Tú Àwọn Ká: Bí Rẹ́jímẹ́ńtì Cameronians Ṣe Parí ní 1968

Ní 14 oṣù karùn-ún ọdún 1968, àwọn sójà kan tò sórí pápá lábúlé Douglas, ní Lanarkshire, lápá gúúsù Scotland, nítòsí ibi tí Douglas Castle wà tẹ́lẹ̀ kó tó di pé wọ́n wó o torí èédú tí wọ́n ń wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ti jẹ́ kí ilẹ̀ máa yẹ̀ lábẹ́ ilé. Ìsìn ni wọ́n wá ṣe o. Ṣùgbọ́n kí pásítọ̀ tó lanu rárá, wọ́n ti kọ́kọ́ rán olùṣọ́ jáde pẹ̀lú ìbọn, pé kí wọ́n lọ dúró káàkiri eteetí pápá, kí wọ́n máa wò bóyá ọ̀tá ń bọ̀. Ọ̀tá wo? Ní Scotland, ní 1968, tí gbogbo ayé ń wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n? Kò sí ọ̀tá kankan, gbogbo wọn ló sì mọ̀. Ó dìgbà tí ọ́fíṣà kan wá jíṣẹ́ pé olùṣọ́ ti wà níbi tó yẹ, pé ibi gbogbo dákẹ́, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n sọ àsíá kalẹ̀, àwọn tó ń fun fèrè alápò fun orin arò, bàtálíánì náà yan kúrò lórí pápá, ó parí nìyẹn. Rẹ́jímẹ́ńtì tí wọ́n dá sílẹ̀ lábúlé yẹn gan-an ní 14 oṣù karùn-ún 1689, lọ́jọ́ yẹn gan-an, lẹ́yìn ọdún 279 géérégé.

Kì í ṣe ogun ló pa wọ́n, kì í sì ṣe pé wọ́n hùwà ìbàjẹ́ tí wọ́n fi lé wọn. Ìjọba ló ní owó ò tó, rẹ́jímẹ́ńtì ti pọ̀ jù, ẹ̀yin Cameronians, ẹ yan ọ̀kan nínú méjì, yálà kí a dà yín pọ̀ mọ́ rẹ́jímẹ́ńtì míì tàbí kí a tú yín ká. Gbogbo èèyàn tí irú ọ̀rọ̀ yìí ti kàn ṣáájú wọn, ìdàpọ̀ ni wọ́n ń gbà, wọ́n á sunkún díẹ̀, wọ́n á jà lórí fìlà tí wọ́n máa dé, wọ́n á gbà. Àwọn yìí ní rárá, ẹ tú wa ká. Nínú gbogbo rẹ́jímẹ́ńtì ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n gé ní sáà yẹn, méjì péré ló ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn àti York and Lancaster Regiment tí wọ́n tú ká lóṣù Kejìlá ọdún kan náà.

Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni ikú yá j'ẹ̀sín. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń tú u wò mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sín kọ́ rárá. Àwọn èèyàn yìí ti bá ẹlòmíì dàpọ̀ rí, ní 1881, wọ́n sì ti mọ bó ṣe máa ń rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣàlàyé nǹkan kan torí ó máa ń da èèyàn lójú rú. Rẹ́jímẹ́ńtì àti bàtálíánì kì í ṣe nǹkan kan náà nínú iṣẹ́ ológun Bìrìtéènì. Bàtálíánì ni ohun tó ń lọ sójú ogun, ọgọ́rùn-ún mélòó kan sójà tí lieutenant-colonel kan ń darí, ìyẹn ló ń jà, ìyẹn ló ń kú. Rẹ́jímẹ́ńtì ní tiẹ̀ dà bí agbo ilé. Ó ní orúkọ, ó ní báàjì, ó ní aṣọ tiẹ̀, ó ní oríkì tiẹ̀, ìyẹn orúkọ gbogbo ogun tí wọ́n ti jà rí, ó ní ìlú tó ti ń kó ọmọ wá, ó sì ní àgbà kan tí wọ́n ń pè ní kọ́nẹ́ẹ̀lì rẹ́jímẹ́ńtì, tó sábà máa ń jẹ́ ọ̀gágun àgbà, tí iṣẹ́ ẹ̀ kì í ṣe láti jagun bí kò ṣe láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ ẹbí. Bàtálíánì méjì, mẹ́ta, tàbí ogún lè wà lábẹ́ rẹ́jímẹ́ńtì kan nígbà ogun. Tí ogun bá tán wọ́n á dín in kù. Lẹ́yìn ogun Hitler ni wọ́n wá dín in débi pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò ní ju bàtálíánì kan ṣoṣo lọ, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ torí tí agbo ilé bá ti ku ọkọ kan àti aya kan, ẹni tó bá ní kí ẹ dín èèyàn kan kù ti ní kí agbo ilé parẹ́ nìyẹn.

Wàyí o, ibo ni wọ́n ti rí orúkọ yẹn? Èyí gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Ní Scotland ní àwọn ọdún 1600, ọba fẹ́ fi bíṣọ́ọ̀bù jẹ lórí ṣọ́ọ̀ṣì wọn, àwọn kan ní àwọn ò gbà, pé àwọn alàgbà ló ń darí ìjọ àwọn, kò sí ọba tó jẹ́ orí ìjọ bí kò ṣe Kristi. Wọ́n ti tọwọ́ bọ ìwé májẹ̀mú kan ní 1638 lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ìdí tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní Covenanters nìyẹn, ká sọ pé àwọn Onímájẹ̀mú. Nígbà tí ìjọba Charles Kejì wá lé àwọn pásítọ̀ wọn kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, orí òkè àti inú ìgbẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe ìsìn, wọ́n á sì fi olùṣọ́ pẹ̀lú ìbọn sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ torí àwọn sójà ọba lè já lù wọ́n nígbàkigbà. Ẹ ti rí ibi tí olùṣọ́ ọdún 1968 yẹn ti wá. Pásítọ̀ kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Richard Cameron, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ le ju ti gbogbo wọn lọ, ó gùn ẹṣin wọ ìlú Sanquhar lóṣù Kẹfà 1680 tòun tàwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n kéde ní gbangba pé àwọn ò ní ọba kankan tó ń jẹ́ Charles mọ́. Oṣù kan péré lẹ́yìn ẹ̀, ní 22 oṣù Keje, àwọn sójà pa á ní Airds Moss, wọ́n gé orí rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n kó wọn lọ sí Edinburgh. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Cameronians. Torí náà kì í ṣe orúkọ ọlọ́rọ̀ kan, kì í ṣe orúkọ ìlú, kì í ṣe orúkọ ọba, orúkọ ẹni tí ìjọba pa ni wọ́n fi ń pe rẹ́jímẹ́ńtì tí ìjọba wá ń san owó oṣù fún. Ẹ ò rí ohun tó ń jẹ́ ìtàn.

Ní òpin 1688 ọba James sá lọ, William ará Netherlands gba ìjọba, àwọn tí wọ́n ń lé nígbó lánàá ló wá di ẹni tí wọ́n nílò lónìí. James Douglas, Earl of Angus, tí kò tíì pé ogún ọdún, ló kó wọn jọ ní Douglas, 1,200 ọkùnrin lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọn ò sì lu ìlù kankan láti fi pè wọ́n. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbà láti wọlé, wọ́n fi ohun tí wọ́n fẹ́ síwájú, wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí ọ́fíṣà wọn máa jẹ́, kó má jẹ́ ẹni tó ti bá wọn ṣe ọ̀tá rí, wọ́n sì fẹ́ mọ ohun tí wọ́n máa jà fún. Kọ́ńpìnnì 20 ni wọ́n pín wọn sí, 60 ọkùnrin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ́ńpìnnì kọ̀ọ̀kan sì ní alàgbà tiẹ̀ bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí èyí, torí látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ti jẹ́ àwọn tó máa ń béèrè pé kí ni àdéhùn wa.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ ni Dunkeld. Lóṣù Keje, àwọn Highlander, ìyẹn àwọn ará òkè àríwá Scotland, tó ń ti ọba James lẹ́yìn ti na àwọn sójà ìjọba ní Killiecrankie bí ẹni na ọmọ kékeré, àmọ́ ọ̀gá wọn, John Graham ti Claverhouse, tó ti fi ojú àwọn Onímájẹ̀mú rí màbo tẹ́lẹ̀, kú sójú ogun yẹn. Ìjọba wá rán àwọn Cameronians lọ sí ìlú kékeré yẹn, Dunkeld, láìsí odi ìlú, láàárín ilẹ̀ ọ̀tá. Nǹkan bí 800 ni wọ́n, àwọn tó ń bọ̀ wá bá wọn jà sì tó ìlọ́po wọn lọ́nà púpọ̀. Àwọn sójà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, wọ́n ní wọ́n ti ta àwọn, pé ibi ikú ni wọ́n rán àwọn wá, pé àwọn ọ́fíṣà yóò gun ẹṣin sá lọ tí ó bá le. Lieutenant-colonel wọn, William Cleland, tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, akéwì, tó ti bá Claverhouse jà rí ní Drumclog nígbà tó wà lọ́mọdé, dá wọn lóhùn pé ó dáa, ẹ kó ẹṣin gbogbo àwa ọ́fíṣà jáde, ẹ yìnbọn pa wọ́n níwájú yín kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé a ò lọ síbi kankan. Wọ́n ní rárá, ẹ fi ẹṣin sílẹ̀, a ti gbọ́.

Ní 21 oṣù Kẹjọ 1689 ogun náà bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, alẹ́ ló parí. Láàárín wákàtí àkọ́kọ́ ni ọta bá Cleland, wọ́n ní bó ṣe rí i pé òun ń kú lọ, ńṣe ló ń wọ́ ara rẹ̀ lọ sínú ilé kan kí àwọn sójà ẹ̀ má bàa rí i kí ọkàn wọn má bàa pami, ibẹ̀ ló kú sí. Ẹni tó gba ipò ẹ̀ náà kú. Ọ̀gágun kẹta, Captain George Munro, ló parí ẹ̀. Nígbà tí ọta ìbọn tán, wọ́n gun orí ilé Marquess of Atholl, wọ́n ń ṣí òjé orí òrùlé, wọ́n ń yọ́ ọ nínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń fi ṣe ọta. Wọ́n jáde lọ ti àwọn ilé tí ọ̀tá wà nínú ẹ̀ pa látìta, wọ́n sì fi iná sí i, èyí ò dáa létí láti gbọ́, mi ò sì ní fi pamọ́. Àwọn Highlander padà lẹ́yìn wọn, wọn ò lè gba ìlú náà. Inú kàtídírà Dunkeld ni wọ́n sin Cleland sí.

Látìgbà náà ni wọ́n ti di rẹ́jímẹ́ńtì tó dúró, wọ́n sì wá fún wọn ní nọ́ńbà 26. Nọ́ńbà yìí ṣe pàtàkì. Nínú iṣẹ́ ológun Bìrìtéènì, ipò àgbà máa ń tẹ̀ lé ẹni tó kọ́kọ́ wọlé, gẹ́lẹ́ bó ṣe rí láàárín àwọn ìyàwó ilé lọ́dọ̀ wa, tí ọmọ ogún ọdún tó wọlé láná máa kúnlẹ̀ fún ẹni tó wọlé níjẹta. Rẹ́jímẹ́ńtì tó ní nọ́ńbà 25, tó wá di King's Own Scottish Borderers, Edinburgh ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ní 18 oṣù Kẹta 1689. Oṣù méjì péré ni wọ́n fi ju Cameronians lọ. Ìyáálé ni wọ́n. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀ ná.

Ní 1881 ni mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ogun, Hugh Childers, ní kí wọ́n fi orúkọ rọ́pò nọ́ńbà, kí rẹ́jímẹ́ńtì ẹlẹ́sẹ̀ tó bá ní bàtálíánì kan bá òmíì dàpọ̀ kó di méjì, kí ọ̀kan wà nílé kí ìkejì wà lókè òkun, kí gbogbo wọn sì ní àdúgbò kan tí wọ́n á ti máa gba ọmọ. Lórí ìwé ó mọ́gbọ́n wá. Wọ́n wá so 26 pọ̀ mọ́ 90, Perthshire Light Infantry. Ta ló dá 90 sílẹ̀? Thomas Graham ti Balgowan, ní 1794. Ọkùnrin yìí ò tiẹ̀ ṣe iṣẹ́ sójà rí, ìyàwó ẹ̀ ló kú lójú omi nítòsí etíkun Faransé ní 1792, bó ṣe ń gbé òkú ẹ̀ bọ̀ nílé ni àwọn ọlọ́tẹ̀ ní Toulouse fipá ṣí pósí náà, ìbínú yẹn ló gbé e wọ iṣẹ́ ogun. Ìtàn tó ń dunni. Ṣùgbọ́n ẹ tún orúkọ ẹ̀ pè: Graham. Bíi Claverhouse. Wọ́n mú ọmọ Onímájẹ̀mú, wọ́n ní kó fẹ́ ọmọ ilé Graham. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣèwádìí ìdílé kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ lọ́dọ̀ wa á ti bú sẹ́rìn-ín.

Ìgbéyàwó yẹn ò gún. Orúkọ tí wọ́n fún wọn ni Cameronians (Scottish Rifles), tuntun náà sì di rẹ́jímẹ́ńtì ráífù, èyí tó túmọ̀ sí pé 26 bọ́ aṣọ pupa wọ aṣọ ewé dúdú, bọ́tìnnì dúdú, wọ́n sì pàdánù àsíá ogun, torí rẹ́jímẹ́ńtì ráífù kì í gbé irú àsíá bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ẹ̀, bàtálíánì kìíní, ìyẹn 26, ṣì ń pe ara wọn ní Cameronians, bàtálíánì kejì, ìyẹn 90, ń pe ara wọn ní Scottish Rifles, ọ̀kan kì í fẹ́ lo orúkọ èkejì. Orogún ni wọ́n, inú ilé kan náà, ààrò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Wọ́n jà dáadáa sha, kò sí iyèméjì níbẹ̀. Mi ò fẹ́ ka gbogbo ogun tí wọ́n jà, kò ní tán. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ Neuve Chapelle nílẹ̀ Faransé, oṣù Kẹta 1915. Bàtálíánì kejì wọlé ní 10 oṣù náà, wáyà ẹlẹ́gùn-ún tó wà níwájú wọn, àgbá tí wọ́n yìn ò gé e, nígbà tí wọ́n máa fi jáde lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́fà, ọ́fíṣà kan ṣoṣo ló ṣì dúró, second lieutenant lásán, pẹ̀lú nǹkan bí 150 ọkùnrin. Lieutenant-colonel wọn ti kú. Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní yẹn máa fi parí, ó lé ní 7,000 ọmọ rẹ́jímẹ́ńtì náà tó ti lọ. Èyí tó pọ̀ jù wá láti Hamilton, Motherwell, Wishaw, Glasgow, ọmọ àwọn tó ń wa èédú àti àwọn tó ń yọ́ irin, àwọn ọkùnrin kúkúrú tó lágbára tí wọ́n sì máa ń tètè bínú. Ní 1962 tí wọ́n wà nílùú Minden ní Jámánì, wọ́n jà nílé ọtí débi pé àwọn ará ibẹ̀ sọ wọ́n lórúkọ tó túmọ̀ sí ràrá olóró. Orúkọ yẹn dé inú ìwé ìròyìn. Ó bí wọn nínú, àwọn míì nínú wọn sì gbádùn ẹ̀.

Ibì kan wà nínú ìtàn wọn tó kan àwa náà. Ní 1944, bàtálíánì kìíní wọn wà nínú àwọn Chindits, àwọn sójà tí wọ́n rán lọ sẹ́yìn àwọn ará Japan nínú igbó Bọ́mà. Nínú agbo ogun kan náà ni 3rd West African Brigade wà, bàtálíánì mẹ́ta láti Nigeria Regiment, ìkẹfà, ìkeje àti ìkejìlá, àwọn bàbá wa tí wọ́n padà wálé tí wọ́n ń pè ní ará Bọ́mà. Bí àwọn Chindits ṣe máa ń ṣe ni pé wọ́n á pín bàtálíánì kọ̀ọ̀kan sí kọ́lọ́ọ̀mù méjì, wọ́n á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ti bàtálíánì kẹfà ti Nàìjíríà jẹ́ 39 àti 66, ti ìkeje jẹ́ 29 àti 35. Nígbà tó kan Cameronians, ẹ sọ nọ́ńbà tó jẹ́ tiwọn. 26 àti 90. Ọdún 63 lẹ́yìn tí Childers ti ní ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ti tán, nínú igbó, nínú òjò, pẹ̀lú ibà àti ebi, àwọn méjèèjì tún ń rìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lábẹ́ nọ́ńbà ọjọ́ àtijọ́. Nígbà tí mo rí èyí ni ọ̀rọ̀ 1968 ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi.

Torí ẹ wò ó, àwọn èèyàn máa ń sọ̀rọ̀ ìdàpọ̀ bíi pé tí ẹ bá ti so orúkọ méjì pọ̀, méjèèjì ló là á já. Cameronians mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gbà wọ́n ju ìran méjì lọ kí wọ́n tó gbé pọ̀ dáadáa, ogun àgbáyé méjì gan-an ló sì sọ wọ́n di ọ̀kan. Ẹni tó ti jẹ irú iṣu bẹ́ẹ̀ rí, tó tún mọ bó ṣe ń yún ọ̀fun, kí ló máa tún fẹ́ jẹ ẹ́ fún?

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ owó. Ní 1957, mínísítà Duncan Sandys kéde pé wọn ò ní fipá mú ọ̀dọ́ wọṣẹ́ sójà mọ́, pé ìgbáradì tuntun máa dá lórí bọ́ǹbù olóró, torí náà iṣẹ́ ológun máa kéré. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da rẹ́jímẹ́ńtì pọ̀. Ní 1959 wọ́n da Highland Light Infantry mọ́ Royal Scots Fusiliers, ìlú Glasgow gbóná lórí bóyá yẹ̀rì kílítì ni wọ́n máa wọ̀ tàbí ṣòkòtò tátánì, bí ẹni pé ìjà ilẹ̀ ni. Cameronians rọ́nà kọjá nígbà yẹn. Àmọ́ nígbà tó di 1966, 1967, owó pọ́n-ùn ń jábọ́, ìjọba Harold Wilson pinnu pé àwọn ò lè máa fi sójà sí Aden (tó wà ní Yemen lónìí) àti Singapore mọ́, wọ́n sì ní kí wọ́n tún gé bàtálíánì sí i. Denis Healey ni mínísítà ààbò. Lóṣù Keje 1967 ni wọ́n gbé ìwé ìpinnu náà jáde.

Bí wọ́n ṣe ṣe é ni pé wọ́n ti kó àwọn rẹ́jímẹ́ńtì sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, ti àwọn wọ̀nyí ń jẹ́ Lowland Brigade, mẹ́rin ló wà níbẹ̀: Royal Scots tó jẹ́ nọ́ńbà kìíní pátápátá, Royal Highland Fusiliers, King's Own Scottish Borderers, àti Cameronians. Ìyẹn ni pé 1, 21, 25, 26. Ẹni tó kéré jù ni ọ̀rọ̀ máa ń kọ́kọ́ bá. Ṣé ẹ rántí oṣù méjì yẹn? Torí pé wọ́n dá ọ̀kan sílẹ̀ lóṣù Kẹta, wọ́n dá èkejì sílẹ̀ lóṣù Karùn-ún ní 1689, ní 1967 èyí tó wọlé gbẹ̀yìn ni wọ́n bi pé kí lo fẹ́ ṣe. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Aden dé lọ́dún náà o, níbi tí wọ́n ti ń jù bọ́ǹbù lù wọ́n láàárín ọjà.

Ìpinnu yẹn, àwọn àgbà rẹ́jímẹ́ńtì ló ṣe é, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Èmi ní tèmi, mo rò pé wọ́n ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Rẹ́jímẹ́ńtì ló ń jẹ́ orúkọ, sójà ló ń jẹ owó oṣù. Ọmọ Motherwell tó wọṣẹ́ ní ọdún méjì sẹ́yìn, tó fẹ́ràn àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, wọ́n máa fọ́n wọn ká, ọ̀kan síbí ọ̀kan sọ́hùn-ún, báàjì tuntun lórí fìlà olúkúlùkù. Tó bá jẹ́ pé wọ́n dà wọ́n pọ̀ ni, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣì wà pa pọ̀, kí báàjì nìkan yí. Èyí ni owó tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ san fún ìpinnu ẹni tó wà lókè. Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí bí ìtàn akọni kì í sábà dé ibẹ̀ yẹn.

Ṣùgbọ́n ní ti ọ̀rọ̀ orúkọ, mo wà lẹ́yìn wọn. Orúkọ Cameron yẹn, ẹni tí kò gbà ni. Gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe ló ń sọ bẹ́ẹ̀: gbogbo ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n ń fún ní Bíbélì, wọ́n ń gbé ìbọn lọ sí ìsìn, wọ́n ń fi olùṣọ́ síta kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀. Kí lo máa wá so mọ́ ọn? Àwọn àṣà yẹn máa di ohun tí wọ́n á máa ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún láti fi ṣàlejò, tí ìdajì àwọn tó wà lórí ìlà ò sì ní mọ ìdí ẹ̀.

Wọ́n yan ọjọ́ wọn fúnra wọn, wọ́n yan ibẹ̀ fúnra wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló wá, àwọn arúgbó tó ti wà ní Faransé àti ní Bọ́mà náà wá. Ohun tó gún mi jù nínú gbogbo ẹ̀ ni pé wọn ò bẹ̀bẹ̀.

Torí oṣù méjì péré lẹ́yìn ẹ̀, oṣù Keje 1968, ìjọba tún kéde pé Argyll and Sutherland Highlanders ló kàn. Àwọn yẹn pariwo! Lieutenant-colonel wọn, Colin Mitchell, ti di gbajúmọ̀ ní Aden, gbogbo ilé lórí tẹlifíṣọ̀n ló mọ̀ ọ́n, wọ́n lẹ sítíkà mọ́ mọ́tò káàkiri, wọ́n kó ìwé ẹ̀bẹ̀ jọ tí orúkọ tó wà níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan. Wọ́n dín wọn kù di kọ́ńpìnnì kan ní 1971, àmọ́ ìjọba ti yí, ní 1972 wọ́n dá wọn padà sí bàtálíánì. Torí náà tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé Cameronians ì bá ti pariwo kí wọ́n lè là á já, kò parọ́. Àwọn tó pariwo là á já. Mi ò kàn mọ̀ bóyá àwọn èèyàn Dunkeld mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ.

Ohun tó kù lẹ́yìn wọn ò pọ̀. Àwọn sójà abọ́ọ̀dé ní Lanarkshire, àwọn tó ń ṣe é ní wíkẹ́ẹ̀ńdì, ṣì ń lo báàjì náà fún ọdún mélòó kan. Rẹ́jímẹ́ńtì Gurkha keje tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn látayébáyé ṣì ń wọ tátánì Douglas fún àwọn tó ń fun fèrè alápò wọn, àwọn ọmọ Nepal tó ń wọ aṣọ ilé Earl of Angus, títí di 1994 tí wọ́n fi da àwọn náà pọ̀ mọ́ Gurkha tó kù. Ère sójà wọn wà ní Kelvingrove Park ní Glasgow, ẹni tó ń di ìbọn Lewis mú, àwọn ẹrù wọn tó kù sì wà ní músíọ̀mù ní Hamilton. Ní Douglas, ère Earl of Angus ṣì ń nawọ́ síwájú.

Ìyáálé ńkọ́? King's Own Scottish Borderers, tó fi oṣù méjì là á já ní 1968. Ìjọba kéde ní 1991 pé kí wọ́n da àwọn àti Royal Scots pọ̀, ariwo sọ, wọ́n dá a dúró ní 1993. Ní 2006 wọ́n tún gbé e dé, lọ́tẹ̀ yìí wọ́n kó àwọn rẹ́jímẹ́ńtì ẹlẹ́sẹ̀ ti Scotland tó kù nínú irú wọn sínú ẹyọ kan, Royal Regiment of Scotland, wọ́n so Borderers àti Royal Scots pọ̀ di bàtálíánì kìíní rẹ̀, wọ́n fi orúkọ méjèèjì há ara wọn. Lóṣù Kejìlá 2021, wọ́n yọ bàtálíánì náà kúrò níbẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ara rẹ́jímẹ́ńtì tuntun kan tó ń jẹ́ Ranger, fìlà míì, báàjì míì. Láti 18 oṣù Kẹta 1689 títí di 28 oṣù Kẹta 2006 ni wọ́n fi dá dúró lórúkọ ara wọn. Ọdún 317 ati ọjọ́ mẹ́wàá.